Ṣé Oore ni Ènì?

Bí olùkọ́ bá ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kọ àròkọ lórí oore, ohun tí ó tóbi ni wọn yóò kọ́kọ́ rò: ẹni tí ó yọ ọmọ ọlọ́mọ nínú odò, tàbí olówó tí ó kọ́ ilé ìwòsàn fún ìlú. Irú oore bẹ́ẹ̀ wà, ó sì níyì, ṣùgbọ́n ènìyàn lè lo ogójì ọdún láyé kí ó má bá a pàdé lẹ́ẹ̀kan. Èyí tí ojú ń rí lójoojúmọ́ kéré jù ú lọ. Ẹnìkan bá aláàárù sọ ẹrù orí rẹ̀. Ẹlòmíràn yà kúrò ní ọ̀nà tirẹ̀ kí ó lè sin àlejò dé ìkóríta. Ìyàwó ilé gba ọmọ aládùúgbò mọ́ra títí ìyá rẹ̀ fi ti oko dé. Nínú àwọn oore kéékèèké wọ̀nyí, ọ̀kan wà tí ó yẹ kí a gbé yẹ̀ wò dáadáa, nítorí pé àárín ọjà, níbi tí olúkúlùkù ti ń wá èrè tirẹ̀, ni ó fi ṣe ibùgbé. Ènì ni.

Kò sí ẹni tí ó dàgbà ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò mọ ènì. Alágàrí yóò wọn kóńgò pé, yóò dà á sínú àpò oníbàárà, lẹ́yìn náà ni yóò tún bu ìkúnwọ́ kan lé e. Ìkúnwọ́ yìí kò sí nínú owó tí a san. Bákan náà ni aláta yóò ju ata díẹ̀ sí orí èyí tí ó ti tà, tí ẹlẹ́fọ̀ọ́ yóò sì fa ewé mélòó kan kún ìdì. Kì í ṣe Yorùbá nìkan ni ó ní irú àṣà yìí. Àwọn ará New Orleans ní Amẹ́ríkà ń pe tiwọn ní lagniappe, ọ̀rọ̀ tí ó ti inú èdè Quechua, èdè àwọn ará òkè Andes, gba ẹnu àwọn ará Sípéènì kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Àwọn kan yóò sọ pé ọgbọ́n ajé lásán ni èyí, pé alágàrí ń fi ìkúnwọ́ kan ra ẹsẹ̀ oníbàárà kí ó lè padà wá lọ́la. Ẹ̀sùn yìí kò wúwo tó bí ó ti ń dún. Àwọn àgbà kò sọ rí pé kí oore má mú èrè wá. Wọ́n tilẹ̀ ní oore tí a ṣe fún adìẹ kò gbé, bó pẹ́ títí yóò ṣomi tooro síni lẹ́nu. Ohun tí wọ́n kọ̀ ni kí ènìyàn ṣoore kí ó sì lóṣòó tì í. Alágàrí kò lóṣòó ti ènì rẹ̀. Kò kọ orúkọ ẹni tí ó gbà á sílẹ̀, kò sì sí ọjọ́ tí yóò bi í léèrè.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti burú ni ìdí kóńgò. Ẹni tí ó bá ti tẹ ìdí kóńgò rẹ̀ sínú kí ó má baà gba gàrí tó bí ó ti yẹ, tí ó wá fi ẹ̀rín bu ìkúnwọ́ kan lé e, kò fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Díẹ̀ nínú ohun tí ó jí ni ó dá padà, ó sì tún gba ọpẹ́ lé e. Ènì kò lè wà àfi bí òṣùwọ̀n bá ti pé. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mọ èyí yóò tètè rí àṣìṣe ọ̀gá tí kì í san owó oṣù òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n tí ó ń fún un ní ìrẹsì lọ́jọ́ ọdún.

Ẹ̀sùn kejì ni ó le. Oníbàárà a máa fi ẹnu ara rẹ̀ béèrè pé, “Ìyá, ẹ fi ènì sí i o.” Bí a kò bá fún un, inú rẹ̀ a bàjẹ́. Ohun tí ènìyàn lè béèrè báyìí, ṣé kì í ṣe gbèsè ni? Àṣà ni ó fi tipátipá gbà á lọ́wọ́ alágàrí. Níbo wá ni oore wà nínú rẹ̀?

Kí a má yára dáhùn. Ní ọdún 1975, Wándé Abímbọ́lá, ọmọ bíbí Ọ̀yọ́, gbé iṣẹ́ kan jáde lórí ìwàpẹ̀lẹ́ nínú ẹsẹ Ifá. Nínú ìtàn Ifá, Ìwà, aya Ọ̀rúnmìlà, ọmọ Sùúrù ni. Bẹ́ẹ̀, sùúrù kì í ṣe ohun tí a ń ṣe lẹ́ẹ̀kan kí a sì sinmi, àṣetúnṣe ni. Bí ọwọ́ bá ti mọ́ ẹnìkan lára láti máa fúnni, tí kò tilẹ̀ ronú kí ó tó ṣe é mọ́, kò sí Yorùbá tí yóò sọ pé oore ẹni bẹ́ẹ̀ ti dínkù. Wọn yóò ní ó ti di ìwà rẹ̀. Àṣà sì ni ó kọ́ ọwọ́ náà, láti ìgbà tí ọmọbìnrin kékeré ti ń jókòó ti ìyá rẹ̀ lọ́jà, tí a ń sọ fún un pé, “Fún wọn lénì.”

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó tún ju èyí lọ wà tí àṣà ń ṣe. Seneca, ọlọ́gbọ́n ará Róòmù àtijọ́ tí ó kọ ìwé méje lórí oore ṣíṣe, gbà pé inú ẹni tí ń fúnni ni oore wà, kì í ṣe inú ohun tí a fi fúnni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ojú ẹni tí ń gbà ńkọ́? Àwọn tí ó ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ kò lè fi ojú kékeré wo ìtìjú ẹni tí a ń fún ní nǹkan ní gbangba. Bí ọmọ kan bá mú owó àbọ̀ kóńgò wá, tí alágàrí sì mọ̀ pé baba ọmọ náà kú ní oṣù tí ó kọjá, yóò wọn àbọ̀, yóò sì bu ìkúnwọ́ ńlá mẹ́ta lé e. “Gba ènì rẹ,” ni yóò wí. Àwọn tí ó tò sẹ́yìn kò fura, nítorí pé àwọn náà ń gba ènì. Ọmọ náà kò mọ̀ pé a ṣàánú òun. Nígbà tí ìyá rẹ̀ bá tú àpò nílé, yóò mọ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá padà pàdé alágàrí ní òpópó, kò sí ohun tí yóò mú un wo ilẹ̀. Bí ènì kì í bá ṣe ti gbogbo ènìyàn, tí kì í sì í ṣe ohun tí a lè fi ẹnu béèrè, ìkúnwọ́ mẹ́ta yẹn ìbá di ìtọrẹ àánú lójú ọjà. Ohun tí ó dàbí àbùkù rẹ̀ gan-an ni ó fi ń bo àṣírí.

Oore tí a kéde kò ní irú aṣọ bẹ́ẹ̀ lára. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2024, ọmọ 35 kú nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ Islamic High School, Baṣọ̀run, Ìbàdàn, níbi ayẹyẹ ìparí ọdún tí a ti ṣèlérí ẹ̀bùn fún àwọn ọmọdé. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ènìyàn tún kú ní Abuja àti ní Okija níbi tí a ti ń pín oúnjẹ. Ọdún tí oúnjẹ gbówó lórí gan-an ni. Kò pọn dandan kí ẹni tí ń pín nǹkan ní èrò búburú lọ́kàn kí irú èyí tó ṣẹlẹ̀. Ó tó kí a pe gbogbo ẹni tí ebi ń pa sí ojú kan, ní wákàtí kan, lójú gbogbo ayé. Kò sí ẹni tí ènì ń pè jọ. Ibi tí ènìyàn bá ti wá ra nǹkan ni ó ti ń bá a.

Síbẹ̀, kí a má gbé ènì ga ju bí ó ti mọ lọ. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kìíní ọdún 2020, iná jó Ọjà Akẹ̀sán, ọjà tí kò jìnnà sí ààfin Aláàfin ní Ọ̀yọ́. Ìkúnwọ́ gàrí kò lè kọ́ ilé ìtajà kan ṣoṣo níbẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ ni ó tún ọjà náà kọ́, iṣẹ́ wọn sì ni. Ẹni tí ó bá ń fi oore aládùúgbò gbèjà ìjọba tí kò ṣe ojúṣe rẹ̀ ti ṣi ọ̀rọ̀ gbé.

Ọjà pàápàá ń yí padà. Gàrí tí a ti dì sínú ọ̀rá, tí a kọ ìwọ̀n sí lára, kò ní ẹnu tí a lè bu ìkúnwọ́ sí. Alágàrí tí ó ṣì ń fi kóńgò wọ̀n kì í sì í ṣe olówó. Ìkúnwọ́ tí ó bá bù fún ogún oníbàárà lè tó oúnjẹ alẹ́ ilé rẹ̀. Nítorí náà ọjọ́ mìíràn wà tí yóò ní, “Ẹ má bínú, kò gbà á lónìí.” Oníbàárà kan yóò pòṣé, yóò já àpò rẹ̀ gbà, yóò sì máa lọ. Èkejì yóò so ẹnu àpò tirẹ̀, yóò ní, “Kò burú, ìyá. Ajé á wọ igbá o.” Alágàrí yóò ṣe àmín, yóò sì tún àwọn òkìtì gàrí rẹ̀ gbá jọ. Iye kan náà ni àwọn méjèèjì san.