Iná Kú, Ó Feérú Bojú: Ta Ni Yóò Wọ Jẹ́sì Akọni?

Iná kú, ó feérú bojú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, ó fọmọ rẹ̀ rọ́pò. Níbi òkú àgbà la ti sábà máa ń gbọ́ òwe yìí, nígbà tí wọ́n bá ń ṣàdúrà fún àwọn ọmọ olóògbé pé kí ilé má dahoro. Ṣùgbọ́n àdúrà nìkan kọ́ ló wà nínú rẹ̀. Ìdájọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ó sì kan àríyànjiyàn kan tí kì í tán láàárín àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù: bí akọni agbábọ́ọ̀lù bá lọ, ṣé kí ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé nọ́ńbà rẹ̀ kọ́, kí ẹnikẹ́ni má wọ̀ ọ́ mọ́, àbí kí ọmọ ẹ̀yìn gbà á wọ̀?

Eérú kì í ṣe ohun ẹ̀gàn. Òun ni ẹlẹ́rìí pé iná ti jó níbẹ̀ rí. Àmọ́ kò lè se ọbẹ̀, ẹni tí òtútù ń mú kò sì lè yá a. Ní ti ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni igi rẹ̀ ń so. Bí àgbẹ̀ bá ti kórè rẹ̀ tán, a gé e lulẹ̀. Ṣùgbọ́n kí àdá tó kàn án, ọmọ ti yọ nídìí rẹ̀. Ọmọ náà kì í ṣe ìyá, ó sì lè má tóbi tó o. Gbòǹgbò kan náà ló ń bọ́ ọ, èso ni wọ́n sì ń retí lọ́wọ́ òun náà.

Eérú ni ẹgbẹ́ Napoli ní Ítálì yàn fún Diego Maradona. Ọdún 1984 ló dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó bá wọn gba líìgì lọ́dún 1987, èyí tí wọn ò gbà rí kó tó dé, ó tún bá wọn gbà á lọ́dún 1990. Lọ́dún 2000, wọ́n gbé nọ́ńbà 10 rẹ̀ kọ́. Orílẹ̀-èdè rẹ̀, Ajẹntínà, náà fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ fún Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 2002, àmọ́ FIFA kọ̀ jálẹ̀: wọ́n ní nọ́ńbà 1 dé 23 gbọ́dọ̀ pé lọ́dún náà. Ariel Ortega ló wọ 10 nígbà náà. Ní Qatar lọ́dún 2022, Lionel Messi ló wọ̀ ọ́ tó fi gba ife. Ká ní FIFA gbà fún wọn ni, Messi ì bá ṣì gba ife náà, ṣùgbọ́n nọ́ńbà mìíràn ni ì bá wà lẹ́yìn rẹ̀, ayé kò sì ní rí i pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló fọmọ rọ́pò.

Ẹlòmíì á ní Napoli ṣáà tún gba líìgì lọ́dún 2023 láìsí nọ́ńbà 10. Òótọ́ ni. Ọmọ Nàìjíríà, Victor Osimhen, ló gbá góòlù jù lọ́dún náà, 26. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀yìn jẹ́sì tó wọ̀ nígbà náà: 9 ni. Nọ́ńbà yìí ló ń wọ̀ fún Nàìjíríà pẹ̀lú, nọ́ńbà Rashidi Yekini, ẹni tó gbá góòlù àkọ́kọ́ wa wọlé ní Ife Àgbáyé, lọ́jọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún 1994, nígbà tí a na Bulgaria ní 3-0. Yekini kú ní Ìbàdàn lọ́dún 2012. Wọn ò gbé 9 rẹ̀ kọ́. Emmanuel Emenike wọ̀ ọ́, Odion Ighalo wọ̀ ọ́, kó tó kan Osimhen, góòlù 37 tí Yekini fi sílẹ̀ ni aráàlú sì fi ń wọn gbogbo wọn. Ibi tí ọgbọ́n òwe náà wà nìyẹn. Nọ́ńbà tí a gbé kọ́ kì í béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ká ṣáà má fọwọ́ kàn án, a ti bọlá fún un. Nọ́ńbà tí ọmọ wọ̀ ń béèrè iṣẹ́. Ó ń bi í pé, "Baba rẹ gbá 37, tìrẹ ńkọ́?"

Àmọ́ òwe náà kò ní ká ju jẹ́sì sí ẹni tó bá kọ́kọ́ nawọ́. Ọmọ rẹ̀ ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ fi rọ́pò, kì í ṣe koríko tó hù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ọmọ náà kò bá tíì yọ, a lè dúró dè é. Ẹ wo oyè Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, oyè olórí ogun ilẹ̀ Yorùbá. Láti ìgbà tí wọ́n ti pa Samuel Ládòkè Akíntọ́lá lọ́dún 1966, kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́ títí di 1988, tó kan MKO Abíọ́lá. Abíọ́lá kú lọ́dún 1998. Ó di 2018 kí Gani Adams tó jẹ ẹ́. Oyè náà ṣófo pẹ́, síbẹ̀ kò kú. Nọ́ńbà akọni náà lè dúró bẹ́ẹ̀ de ẹni tó tọ́ sí.

Pàápàá bó bá jẹ́ ikú òjijì. Marc-Vivien Foé ṣubú lórí pápá ní Lyon lọ́dún 2003 níbi tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù fún Kamẹrúùnù, ó sì kú lọ́jọ́ náà. Ẹgbẹ́ Lyon, tó ti ṣeré fún, gbé nọ́ńbà 17 rẹ̀ kọ́. Ọ̀fọ̀ ni, ta ni yóò bá wọn wí? Lọ́dún 2008, ọmọ Kamẹrúùnù mìíràn, Jean Makoun, dé ọ̀dọ̀ wọn, ó sì wọ 17 náà láti fi ṣèrántí Foé. Wọ́n feérú bojú fún sáà kan. Nígbà tí ọmọ yọ, wọ́n jẹ́ kó rọ́pò.

Ohun tí mo rò pé òwe náà ń béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù nìyẹn: kí wọ́n ṣọ̀fọ̀, kí wọ́n sì wá àrólé. Èyí tó kẹ́yìn ló le. Gbígbé jẹ́sì kọ́ kò gbà ju ìṣó kan lọ. Ẹni tí yóò tó o wọ̀ ni wọ́n ní láti fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ́.