Àlàfo Ara Àgbàdo

Bíbélì kíkà: 1 Samuẹli 1:1–20



Nígbà tí àgbàdo tútù bá dé Ọjà Ọba ní Ìlọrin níbí, a máa ń ṣí èèpo rẹ̀ wò kí a tó rà á. Èyí tí ó bá ní àlàfo, bí ẹnu ọmọdé tí eyín rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ká, a ó sọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó fa àlàfo náà.

Akọ àti abo ni Ọlọ́run fi sí ara igi àgbàdo kan ṣoṣo. Òdòdó orí rẹ̀ tí ó rí bí ìrùkẹ̀rẹ̀ ni akọ. Ọmọ tí ó pọ̀n sí ìhà ni abo. Irun ẹnu àgbàdo kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Fọ́nrán kọ̀ọ̀kan ní ojú ọmọ kan tirẹ̀ nínú èèpo. Afẹ́fẹ́ ni ó ń gbé lẹ́búlẹ́bú akọ wá sórí irun náà. Fọ́nrán tí lẹ́búlẹ́bú kò bà lé, ojú ọmọ tirẹ̀ yóò ṣófo. Bí oòrùn bá mú, tí òjò sì dá lásìkò òdòdó, àlàfo yóò pọ̀. Ǹjẹ́ ẹ̀bi abo nìkan ha ni èyí? Rárá o.

Ẹ tún wo igi irúgbá. Àdán tí àwọn ènìyàn kórìíra ni ó ń wá lá omi dídùn òdòdó rẹ̀ lóru, tí ó sì ń gbé lẹ́búlẹ́bú láti igi dé igi. Ẹni tí ó ń jẹ irú kò rí iṣẹ́ òru náà.

Ṣùgbọ́n bí ìyàwó bá pẹ́ kí ó tó bí, òun nìkan ni ayé ń nàka sí. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2023 pé nǹkan bí ẹni 1 nínú 6 ni ìṣòro àìrọ́mọbí ń bá láyé wọn. Àwọn dókítà sì ti fi yé wa pé ó lè ti ọ̀dọ̀ ọkọ wá, ó lè ti ọ̀dọ̀ aya wá, ó sì lè jẹ́ ti àwọn méjèèjì. Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ sọ fún ọmọkùnrin yín kí ó bá aya rẹ̀ lọ ṣe àyẹ̀wò.

Peninna fi Hanna ṣe ẹlẹ́yà títí kò fi lè jẹun. Nínú ilé Olúwa pàápàá, Eli rò pé ó ti mutí ni. Nínú ẹgbẹ́ wa ńkọ́? Ta ni kì í wá síbi ìkómọ mọ́ nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu wa? Ẹ jẹ́ kí a lọ bẹ̀ ẹ́ wò, kí a pè é ní orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí a sì gbé ọmọ fún un pọ̀n. Bí ó bí, bí kò bí, ọmọ Ọlọ́run ni.

Kí Olúwa tí ó gbọ́ ti Hanna gbọ́ ti gbogbo wa. Àmín.