Ta Ni Yóò Di Igun Kẹrin Mú?

ÌPÍN ÀWỌN ÀGBÀLAGBÀ: Ẹ̀KỌ́ KẸSÀN-ÁN

Ibi Kíkà: Jòhánù 9:1-7, II Àwọn Ọba 4:18-27, Máàkù 2:1-12

Ẹsẹ Àkọ́sórí: Gálátíà 6:2 (Kí gbogbo kíláàsì ṣí Bíbélì wọn, kí wọ́n kà á pọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.)

Ète Ẹ̀kọ́: Nígbà tí àìsàn bá wọ ilé ẹnìkejì wa, kí a lè fi ìbéèrè "Ta ni ó ṣẹ̀?" sílẹ̀, kí a sì béèrè pé, "Èwo ni ó kù tí èmi lè gbé?"

KÍKÀ BÍBÉLÌ OJOOJÚMỌ́
Ọjọ́ Ajé: Jòhánù 9:1-12
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: Orin Dáfídì 139:13-16
Ọjọ́rú: II Àwọn Ọba 4:18-37
Ọjọ́bọ̀: Máàkù 2:1-12
Ọjọ́ Ẹtì: Jákọ́bù 2:14-17
Ọjọ́ Àbámẹ́ta: Róòmù 12:9-15
Ọjọ́ Olúwa: Gálátíà 6:1-10

Ọ̀RỌ̀ ÀKỌ́SỌ

Ẹ̀kọ́ ti ọ̀sẹ̀ yìí kò rọ̀ mí lọ́rùn láti kọ, nítorí pé èmi tí mò ń kọ́ni ni ó kọ́kọ́ bá wí.

Ìdílé kan wà nínú kíláàsì wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Káfíńtà ni bàbá, ìyá sì ń ta èlùbọ́. Ọlọ́run fi ọmọkùnrin kan ta wọ́n lọ́rẹ, ọmọ wọn kẹta. A sọ ọmọ lórúkọ, a jẹ, a mu, a sì gbàdúrà. Kò pẹ́ tí ìyá rẹ̀ fi kíyè sí i pé bí ọmọ náà bá ń mu ọmú, òógùn a máa bò ó, yóò sì fi ọmú sílẹ̀ láti mí. Ó pé oṣù mẹ́ta, síbẹ̀ kò tóbi ju ọmọ oṣù kan lọ. Níbi tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ, wọ́n ní òtútù ni, wọ́n sì fún un ní oògùn ikọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí ó yá, dókítà kan tí ó mọ̀ nípa àwọn ọmọdé gbọ́ ìró kan ní àyà rẹ̀ tí kò yẹ kí ó wà níbẹ̀. Ihò wà nínú ọkàn ọmọ náà. Láti inú oyún ni ó ti wà níbẹ̀.

Ní gbogbo àkókò yìí, bí a bá bi ìyá náà léèrè lẹ́nu ọ̀nà ilé ìjọsìn pé, "Ọmọ ńkọ́?" yóò dáhùn pé, "A dúpẹ́." Àwa náà yóò ní, "Olúwa yóò ṣe é," a ó sì kọjá lọ wá ìjókòó. Oṣù mẹ́rin ni a fi ṣe bẹ́ẹ̀.

ÀLÀYÉ Ẹ̀KỌ́

1. Ìbéèrè àwọn ọmọ-ẹ̀yìn (Jòhánù 9:1-7)

Ẹ kíyè sí i pé ọkùnrin tí Jésù rí yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àìsàn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí i. Àwọn ọmọ-ẹ̀yìn fẹ́ mọ ẹni tí ó dẹ́ṣẹ̀, bóyá òun fúnra rẹ̀ ni, tàbí àwọn òbí rẹ̀. Jésù kò gbà fún wọn lọ́nà méjèèjì. Kò sì dúró ṣe àríyànjiyàn. Ó tutọ́ sílẹ̀, ó fi po amọ̀, ó fi pa ojú ọkùnrin náà, ó sì rán an lọ sí adágún Sílóámù. Iṣẹ́ ni Olúwa mú ṣe nígbà tí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn ń wá ẹni tí wọn yóò dá lẹ́bi.

Ìbéèrè àwọn ọmọ-ẹ̀yìn kò tíì kú láàárín wa. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ọmọ yìí tàn, ẹnìkan ní àbíkú ni. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n lọ wádìí ìdílé ìyá ọkọ. Arábìnrin kan, tí ó ń kọrin pẹ̀lú wa, sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ìyá ọmọ náà ti ní láti fi nǹkan pamọ́. Ọ̀rọ̀ náà dé etí rẹ̀. Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta ni kò fi wá sí ilé Ọlọ́run.

Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ohun tí àwọn oníṣègùn mọ̀. Yàrá mẹ́rin ni ó wà nínú ọkàn ènìyàn, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró láti gba afẹ́fẹ́. Ọwọ́ òsì ń ti ẹ̀jẹ̀ tí ó ti gba afẹ́fẹ́ lọ sí gbogbo ara. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ àkọ́kọ́ oyún ni àwọn yàrá wọ̀nyí ń dá ara wọn mọ, nígbà tí ìyá mìíràn kò tilẹ̀ tíì mọ̀ pé òun lóyún. Bí ògiri tí ó wà láàárín kò bá pàdé tán, ihò yóò kù. Ẹ̀jẹ̀ yóò máa gba ibẹ̀ kọjá, yóò pọ̀ jù nínú ẹ̀dọ̀fóró, ọmọ yóò sì máa mí gúlegúle bí ẹni tí ó ń sáré. Ti àwọn ọmọ mìíràn yàtọ̀: ètè àti èékánná wọn a dúdú bí ẹni fi aró pa á.

Nínú 1,000 ọmọ tí a bí láàyè, nǹkan bí mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án ni a ń bí pẹ̀lú àbùkù nínú ọkàn, ní ilẹ̀ aláwọ̀ funfun àti ní ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú, nínú ilé onígbàgbọ́ àti ilé aláìgbàgbọ́. Nígbà mìíràn ó lè ti ọwọ́ àìsàn tí ó mú ìyá nínú oyún wá, bí irú èéyi kan tàbí ìtọ̀ ṣúgà. Ṣùgbọ́n lára ọ̀pọ̀ ọmọ, kò sí ìdí kan tí ẹnikẹ́ni lè nàka sí.

Bóyá ẹnìkan nínú kíláàsì yóò rántí ọmọ Dáfídì (II Sámúẹ́lì 12). Ó yẹ kí a dá a lóhùn. Níbẹ̀, Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ni ó rán Nátánì sí Dáfídì, Nátánì sì sọ ọ́ ní ojúkojú. Ta ni nínú wa ni Ọlọ́run rán sí káfíńtà yìí àti aya rẹ̀? Bí a kò bá rán wa, ẹ má jẹ́ kí a jẹ́ iṣẹ́ náà.

2. Nígbà tí ìyá bá ní àlàáfíà ni (II Àwọn Ọba 4:18-27)

Ọmọ obìnrin ará Ṣúnẹ́mù ti kú nígbà tí Géhásì pàdé rẹ̀ lọ́nà. Géhásì bi í léèrè ara rẹ̀, ti ọkọ rẹ̀, àti ti ọmọ. Obìnrin náà dáhùn pé àlàáfíà ni. Èsì yìí tó Géhásì. Kò béèrè mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí obìnrin náà di ẹsẹ̀ Èlíṣà mú, tí Géhásì sì fẹ́ tì í kúrò, ènìyàn Ọlọ́run dá a dúró, nítorí ó rí i pé inú obìnrin náà bàjẹ́.

Àwa Yorùbá mọ "A dúpẹ́" dáadáa. Ìwà ọmọlúwàbí ni, ìgbàgbọ́ sì ni pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n aṣọ ni nígbà mìíràn, tí ènìyàn fi ń bo egbò kí ojú má bàa tì í. Géhásì ni mo jẹ́ fún oṣù mẹ́rin. Ọjọ́ tí mo lọ sí ilé wọn tí mo jókòó, tí mo sì béèrè pé, "Ìyá ọmọ, èló ni wọ́n ní kí ẹ mú wá?" ọjọ́ náà ni ó sunkún. Ó ní láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, èmi ni ẹni àkọ́kọ́ nínú ìjọ tí yóò bi òun léèrè iye owó.

3. Igun mẹ́rin àkéte (Máàkù 2:1-5)

Ọkùnrin mẹ́rin ni ó gbé alárùn ẹ̀gbà náà. Nígbà tí èrò kò jẹ́ kí wọ́n wọlé, wọ́n gun òkè ilé, wọ́n sì dá òrùlé lu. Bíbélì kò sọ pé Jésù rí ìgbàgbọ́ aláìsàn nìkan. Ìgbàgbọ́ tiwọn ni ó rí. Báwo ni ènìyàn ṣe ń fi ojú rí ìgbàgbọ́? Àkéte tí ó ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè ni Jésù rí.

Mo wo àkéte ọmọ yìí. Bàbá di igun kan mú: ó ti ta ẹ̀rọ tí ó fi ń rẹ́ pákó. Ìyá di igun kan mú: owó tí ó fi ń ra èlùbọ́ ti wọ inú oògùn àti owó ọkọ̀ sí Ìbàdàn, nǹkan bí 100 kìlómítà ní àlọ nìkan. Ìyá àgbà di igun kẹta mú: òun ni ó ń tọ́jú àwọn ọmọ méjì tí ó kù nílé. Igun kẹrin ń wọ́ nílẹ̀. Igun ti ìjọ ni.

Kò sì sí àyè fún ìdádúró. Ihò kékeré lè dí fúnra rẹ̀ bí ọmọ ti ń dàgbà. Ṣùgbọ́n bí ihò bá tóbi, tí a sì fi sílẹ̀ pẹ́, ẹ̀jẹ̀ tí ó ń ya wọ ẹ̀dọ̀fóró yóò ba àwọn iṣan ibẹ̀ jẹ́, títí iṣẹ́ abẹ kò fi ní wúlò mọ́. Ọjọ́ tí a ń fi sọ pé "Olúwa yóò ṣe é" wà nínú iye ọjọ́ ọmọ náà.

Ẹlòmíràn yóò ní kí wọ́n fi oògùn sílẹ̀, kí wọ́n fi hàn pé wọ́n gba Ọlọ́run gbọ́. Ẹ̀yin ará, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe kọ́ wa. Ní 1907 ni Dókítà George Green dé sí ìlú yìí, ó ń wàásù, ó sì ń ṣe ìwòsàn. Iṣẹ́ náà ni ó di ilé-ìwòsàn Baptist, tí ó di ilé-ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Bowen ní 2009. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì, 1974, wọ́n ṣí ọkàn ènìyàn ṣe iṣẹ́ abẹ fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ní Enugu. Magdi Yacoub, ọmọ Íjíbítì tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti àwọn oníṣẹ́ abẹ ọmọ Nàìjíríà ni ó jọ ṣe é. Ọlọ́run tí ó lo amọ̀ lè lo ọ̀bẹ.

Ẹ sì rántí Nwankwo Kanu, agbábọ́ọ̀lù wa. Ní 1996, lẹ́yìn tí wọ́n gba wúrà ní ìdíje Olímpíìkì, àwọn dókítà rí i pé nǹkan ṣe fáàfù ọkàn rẹ̀. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní Amẹ́ríkà, ó sì padà sórí pápá. Ní 2000 ó dá àjọ kan sílẹ̀ tí ó ń ran àwọn ọmọ tí ó ní àrùn ọkàn lọ́wọ́ láti rí iṣẹ́ abẹ. Ẹni tí a gbé rí ni ó padà wá ń gbé ẹlòmíràn.

ÌLÒ Ẹ̀KỌ́ NÍNÚ ÌGBÉ-AYÉ WA

(a) Ẹ jẹ́ kí àdúrà wa mọ ohun tí ó ń béèrè. Ẹ dárúkọ ọmọ náà, ẹ dárúkọ ọjọ́ tí yóò rí dókítà, ẹ dárúkọ owó tí ó kù. Ẹni tí ó bá ti dárúkọ owó níwájú Ọlọ́run kò ní lè gbàgbé àpò ara rẹ̀.

(b) A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Kíláàsì wa ti ń dá owó aṣọ àjọ̀dún. Mo dábàá pé kí a wọ aṣọ tí a ní, kí owó náà lọ fún ọmọ yìí. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó gbà. Bàbá àgbà kan béèrè pé, "Olùkọ́, ṣé gbogbo aláìsàn ni a ó máa dáwó fún?" Ìbéèrè gidi ni. Aláìsàn pọ̀ ní Kapanáúmù pẹ̀lú. Ẹni tí ó wà nítòsí wọn ni àwọn mẹ́rin náà gbé. A dìbò, ẹni tí ó gbà pọ̀ ju ẹni tí kò gbà lọ. Bàbá àgbà náà ni ó kọ́kọ́ mú tirẹ̀ wá.

(d) Ẹ pa ojú ìdílé náà mọ́. Ẹ má ṣe pè wọ́n síwájú ìjọ bí alágbe. Kí akápò kíláàsì san owó náà ní ilé-ìwòsàn, kí ó gba rìsíìtì, kí ó sì fi han kíláàsì.

(e) Ẹni tí kò ní owó ní ọwọ́. Ẹnìkan lè bá ìyá lọ sí Ìbàdàn kí ó má dá nìkan sùn ní ọ̀ọ̀dẹ̀ ilé-ìwòsàn. Ẹnìkan lè se oúnjẹ fún ìyá àgbà. Iṣẹ́ abẹ ọkàn a máa gba ẹ̀jẹ̀: ẹni tí ara rẹ̀ le lè fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ. Kí àwọn òbí mìíràn sì forúkọ ilé wọn sílẹ̀ ní ètò adójútòfò ìlera ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kí àìsàn tó dé, kí wọ́n béèrè ohun tí ó ń san àti èyí tí kò ń san.

(ẹ) Ẹ má ṣe ṣèlérí ohun tí Ọlọ́run kò fi rán yín. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ni ó ń yè, pàápàá ọmọ tí ìjọ gbàdúrà fún. Ohun tí a lè ṣèlérí ni pé, bí ó ti wù kí ó rí, a kò ní sọ àkéte sílẹ̀.

ÌPARÍ

Owó aṣọ náà san owó àyẹ̀wò ọkàn ní Ìbàdàn, ó sì ra oògùn oṣù méjì. Ọmọ náà ti ń mu ọmú dáadáa díẹ̀. Ní ọjọ́ tí mo kọ ẹ̀kọ́ yìí, owó iṣẹ́ abẹ kò tíì pé ìdajì. Nígbà tí ìwé yìí bá fi máa dé ọwọ́ yín, ó lè ti pé, ó sì lè má tíì pé. N kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ti padà sí kíláàsì. Ní Ọjọ́ Ìsinmi tí ó kọjá, ẹnìkan bi í pé, "Ọmọ ńkọ́?" Ó ní, "A dúpẹ́." Ẹni náà kò kọjá lọ. Ó fà á jókòó, ó ní, "Ẹ sọ fún mi."

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ohun tí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn ń wá àti ohun tí Jésù ṣe nínú Jòhánù 9?
2. Ìgbà wo ni "A dúpẹ́" jẹ́ ẹ̀rí ìgbàgbọ́, ìgbà wo ni ó sì jẹ́ ìbòjú fún ìbànújẹ́? Báwo ni a ṣe lè mọ̀?
3. Báwo ni kíláàsì yín ìbá ṣe dá bàbá àgbà náà lóhùn?
4. Ilé ta ni igun kẹrin ti ń wọ́ nílẹ̀ ní àdúgbò yín lónìí? Ta ni yóò lọ síbẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí?

ÀDÚRÀ

Baba wa ọ̀run, ìwọ ni o mọ ọmọ nínú oyún kí ìyá rẹ̀ tó mọ̀. Dárí jì wá níbi tí a ti sọ̀rọ̀ tí a kò ṣiṣẹ́. Fún àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì ní ọgbọ́n. Fún bàbá àti ìyá tí kò sùn ní agbára. Sì fún ọwọ́ wa ní okun láti di igun tiwa mú títí dé òpin. Ní orúkọ Jésù Olúwa wa. Àmín.