Gbẹ́nàgbẹ́nà Ṣe Tirẹ̀ Tán, Ó Ku Ti Omi

Àwọn àgbà ní gbẹ́nàgbẹ́nà ṣe tirẹ̀ tán, ó wá ku ti gbẹ́nugbẹ́nu. Òótọ́ ni, bó bá jẹ́ àga tàbí àpótí ni iṣẹ́ ọ̀hún. Bó bá jẹ́ pákó tí a tẹ́ sílẹ̀ yàrá ni, ẹnìkan wà láàárín àwọn méjèèjì tí òwe yìí ò dárúkọ, omi ni. Gbẹ́nàgbẹ́nà á gbowó, á kó ayùn àti ìfági rẹ̀ lọ, omi ò tíì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀.

Lọ́dún tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin parí ilé rẹ̀ ní Ìbàdàn, ó ní òun ò fẹ́ táìsì ní pálọ̀. Ó ti gbé Houston pẹ́, ojú rẹ̀ ti mọ́ ilẹ̀ onípákó tó ń dán bí ẹni pé wọ́n fi àdín pa á. Ló bá di pákó òákì sínú kọ̀ǹténà pẹ̀lú ẹrù rẹ̀ yòókù, páálí lórí páálí. Bírìkìlà da kọnkéré ilẹ̀ ní ìparí oṣù Karùn-ún. Ọ̀sẹ̀ kẹta kò tíì pé tí wọ́n fi tẹ́ pláíwúùdù lé e, tí káfíńtà sì ń kan pákó mọ́ ọn. Kí ló ń lé wọn? Wọ́n ti dá ọjọ́ ìṣílé, wọ́n sì ti pín aṣọ ẹbí.

Lọ́jọ́ ìṣílé, gbogbo wa la bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Ilẹ̀ náà tẹ́jú bí odò tí afẹ́fẹ́ ò fẹ́ sí. Nínú oṣù Kẹjọ ni mo sùn síbẹ̀, tí mo dìde lóru láti lọ mu omi. Àtẹ́lẹsẹ̀ mi ló kọ́kọ́ mọ̀ kí ojú mi tó mọ̀. Etí pákó kọ̀ọ̀kan ti gbéra sókè, àárín rẹ̀ ti rì, àfi bíi pé páànù òrùlé ni mò ń tẹ̀. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo fi rúlà ọmọ iléèwé dábùú pákó kan. Mo rí ìmọ́lẹ̀ lábẹ́ rúlà náà. Mo ki káàdì báǹkì mi bọ ibẹ̀, ó wọlé.

Káfíńtà ní, “Mọ́mì, pákó òyìnbó yìí ni ò dáa.” Irọ́ ni. Pákó náà dáa, ìlú ni wọn ò fi mọ̀ ọ́n. Igi tí a là, tí a fá, tí a kùn ní vánísì, kò ṣíwọ́ omi mímu. Ó ń fa omi inú afẹ́fẹ́ bí afẹ́fẹ́ bá tutù, ó ń tú u sílẹ̀ bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ. Inú yàrá olóoru ni wọ́n ti ń gbẹ pákó ilẹ̀ ní Amẹ́ríkà, débi pé bí igi gbígbẹ bá wọn kílò 100, omi inú rẹ̀ kì í ju kílò 6 sí 9 lọ. Ìyẹn bá ilé tí ẹ̀rọ ń gbẹ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ mu. Lọ́dọ̀ wa nígbà òjò, nínú ilé tí fèrèsé rẹ̀ ṣí sílẹ̀, igi kan náà á mu ún títí yóò fi tó nǹkan bíi 16. Òákì tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10, bí omi inú rẹ̀ bá ti 8 dé 14, ó lè fi mílímítà 2 fẹ̀ sí i. Ó kéré lójú, àbí? Pálọ̀ tó fẹ̀ tó mítà 4 gba irú pákó bẹ́ẹ̀ 40. Sẹ̀ǹtímítà 8 nìyẹn tó ń wá ibi tó máa gbà, bẹ́ẹ̀ káfíńtà ti fi pákó gbún ògiri lọ́tùn-ún lósì. Kò fi àlàfo ìka kan pàápàá sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ti afẹ́fẹ́ nìkan ni, pákó ìbá kàn fẹ̀ ni, kì í ṣe kó dà bí àwo. Abẹ́ lọ̀rọ̀ wà. Kọnkéré tuntun ṣì gbé omi tí wọ́n fi pò ó sínú. Àwọn tó mọṣẹ́ máa ń ka nǹkan bí oṣù kan fún ìnípọn ìnṣì kan, ìyẹn bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ. Ìnṣì 4 ni ti ẹ̀gbọ́n mi. Oṣù mẹ́rin ni kọnkéré ń fẹ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fún un, nínú òjò. Wọn ò sì tẹ́ ọ̀rá láàárín kọnkéré àti pláíwúùdù. Omi ń gòkè, abẹ́ pákó ló ń bá. Abẹ́ wú, òkè tí vánísì bò ò wú tó o, etí ò wá ríbi gbà ju òkè lọ.

Mo rántí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bàbá ìyá mi. Òkè lọ́hùn-ún onípákó ni, a máa ń sáré lórí rẹ̀ tí àwọn tó wà nísàlẹ̀ á máa pariwo lé wa lórí. Ẹnikẹ́ni ò rí i kó ká sókè rí. Ìrókò ni, igi tí kì í sábà wú tàbí súnkì púpọ̀, afẹ́fẹ́ sì ń gba òkè àti abẹ́ rẹ̀ bákan náà. Kì í ṣe pé iṣẹ́ àtijọ́ dára ju tòní lọ (mo ti rí iṣẹ́ àtijọ́ tó burú), àmọ́ wọn ò tẹ́ pákó lé ilẹ̀ tútù. Ẹni tó bá sì ra pákó tútù ní sọ́ọ̀mìlì lónìí tó tẹ́ ẹ lọ́la, òdìkejì ìyà yìí ló ń bọ̀ wá jẹ. Omi inú igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là lè wọn ju ìdajì igi náà fúnra rẹ̀ lọ, bó bá wá gbẹ sórí ilẹ̀, owó ẹyọ á máa já sí àárín pákó.

A kì í fi ìkánjú lábẹ̀ gbígbóná. Ọ̀nà tó tọ́ kò le, ó kàn ń gba àsìkò ni. Kí a fi tápù lẹ ọ̀rá fífẹ̀ kan mọ́ kọnkéré yíká, kó wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Bí ìrì bá sẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, tàbí ojú ibẹ̀ ṣú, kò tíì yá. Bí kò bá sì sí ìrì, ẹ má tíì jó, torí ìsàlẹ̀ kọnkéré lè ṣì tutù. Mítà tó ń wọn omi ló ń parí ẹjọ́. Kí a tú páálí, kí a to pákó sí yàrá tó máa gbé pẹ̀lú igi tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín, kí afẹ́fẹ́ ilé mọ̀ ọ́n. Àwọn kan á ní ọjọ́ mẹ́ta tó. Ọjọ́ kọ́ là ń kà, omi ni. Kí ti pákó àti ti pláíwúùdù abẹ́ rẹ̀ má fi ju ìdá 4 nínú 100 jìnnà síra. Bí pákó bá fẹ̀ tó ìnṣì 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀, kó má ju 2.

Èyí tó bá ti bàjẹ́ ńkọ́? Òwe ní bí igi bá wó lu igi, tòkè là ń kọ́ gbé. Níbí o, tìsàlẹ̀ ni. Káfíńtà wa tẹ̀ lé òwe, ó gbé ẹ̀rọ sáńpépà dé, ó fá etí tó yọ ní ọ̀nà tó lọ sí yàrá títí ó fi tẹ́jú. Ó fẹ́ wọ pálọ̀ nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ní kó dúró ná.

Bàbá gbẹ́nàgbẹ́nà kan la pè láti ọjà pákó Bódìjà. Kò mú irinṣẹ́ kankan dání. Ó kúnlẹ̀, ó fi ìka kan ilẹ̀ níhìn-ín lọ́hùn-ún, ó dìde, ó jáde síta lọ wo ibi tí omi òrùlé ń dà sí. Ẹsẹ̀ ògiri pálọ̀ gan-an ni, ó ti gbẹ́ kòtò síbẹ̀.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí la máa ṣe?”

“Ẹ darí omi yìí gba ibòmíràn. Ti inú ilé, ẹ má ṣe nǹkan kan. Tí ọyẹ́ bá dé, kẹ́ ẹ wá pè mí.”

Owó ọkọ̀ nìkan ló gbà.

Nínú oṣù Kìíní, etí pákó pálọ̀ ti wálẹ̀. Àlàfo díẹ̀ wà láàárín wọn, igi ìṣáná lè wọ̀ ọ́. Bàbá fá a fẹ́ẹ́rẹ́, ó kùn ún. Ti ọ̀nà yàrá gbẹ tirẹ̀ náà, àmọ́ etí tí ẹ̀rọ ti jẹ kò sí mọ́, nítorí náà ó rì, àárín wá yọ gọngọ bí ẹ̀yìn ahun. Pálọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ń mú àlejò wọ̀. Kápẹ́ẹ̀tì ló wà ní ọ̀nà yàrá.