Ẹ̀yìn Ni Kí Nebraska Wò

Bọ́mọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bágbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Lọ́dún 2021, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ti Yunifásítì Nebraska fìdí rẹmi nígbà 9 nínú ìdíje 12, kò sì sí èyí tí wọ́n ti fi ju àmì 9 lọ na wọ́n. Wọ́n ní orí ló burú. Àánú wọn ṣe mí, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan ni mo lè gbà bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án. Ẹ wo ìdíje wọn pẹ̀lú ẹgbẹ́ Iowa: wọ́n ti fi 21 sí 6 ṣáájú. Wọ́n fẹ́ ta bọ́ọ̀lù jìnnà, ọmọ Iowa kan já wọlé, ó dí i. Ẹnìkejì gbé e, ó sáré, àmì wọlé. Nígbẹ̀yìn, Iowa borí, 28 sí 21. Ta ló fi ọ̀nà sílẹ̀? Ẹ̀yìn tí mo ní kí wọ́n wò nìyẹn.