Èéṣe Tí Ìtọ́sọ́nà Fi Ń Dùn Wá?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í rí tẹni. Gbogbo wa la gbà pé òwe yìí tọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí ẹni ẹlẹ́ni bá sọ ohun tí ó rí ní ìpàkọ́ wa fún wa, inú á bí wa. Kí ló fà á?

Nígbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, mo kọ àròkọ Yorùbá kan. Baba mi ló fi Bíbélì àtijọ́ kọ́ mi ní ìwé kíkà, nítorí náà “aiye”, “enia” àti “nwọn” ni mo kọ. Bẹ́ẹ̀ ni ìjọba ti fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun ní ọdún 1974. “Ayé”, “ènìyàn” àti “wọ́n” ló yẹ kí n kọ. Olùkọ́ wa fi bírò pupa fa igi sí gbogbo rẹ̀, ó sì kọ èyí tí ó tọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kò bú mi. Síbẹ̀, mo sunkún lálẹ́ ọjọ́ náà. Lójú tèmi, ó ní baba mi kò mọ̀wé. Olùkọ́ náà kò mọ baba mi rí. Lẹ́tà mélòó kan péré ló tún kọ.

Mo rò pé ibẹ̀ ni ìdí ọ̀rọ̀ náà wà. Ọbẹ̀ tí a sè, aṣọ tí a rán, orin tí a dá, ọmọ tí a tọ́, orúkọ wa wà lára gbogbo rẹ̀, orúkọ ìyá tí ó kọ́ wa náà sì wà níbẹ̀. Ẹnìkan á ní, “Iyọ̀ pọ̀ nínú ọbẹ̀ yìí.” Ohun tí etí wa á gbọ́ ni pé, “Wọn kò kọ́ ọ nílé.”

Èmi náà mú bírò pupa lọ́wọ́ fún ọdún márùndínlógójì kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì gbàgbé ẹkún alẹ́ ọjọ́ yẹn. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, arábìnrin kan tí kò tíì pẹ́ tí ó ṣe ìyàwó jẹ́ akọ̀wé owó nínú ẹgbẹ́ kan tí mo wà. Ó ń ka ìṣirò owó fún wa, ó sì ṣì í níbi àròpọ̀. Mo dìde láàrin gbogbo ènìyàn, mo tún un ṣe bí ẹni tí ó dúró níwájú pátákó. Òótọ́ ni mo sọ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò wá sí ìpàdé mọ́. Mo ní ìgbéraga ló ń dà á láàmú.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ dàgbà ló wá bá mi nílé. Ó ní, “Tíṣà, ṣé àròpọ̀ yẹn lo fẹ́ tún ṣe ni, àbí o fẹ́ kí a mọ̀ pé o mọ ìṣirò?” Ẹ gbà mí! Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni n kò fi bá a sọ̀rọ̀ dáadáa, èmi tí mo ń pe ẹlòmíràn ní agbéraga. Nígbà tí ara mi balẹ̀, mo lọ bá arábìnrin náà ní ilé rẹ̀ ní Ìwó níbí, mo bẹ̀ ẹ́. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Mà, ẹ má bẹ̀ mí. Mo mọ̀ pé mo ṣì í. Ìyá ọkọ mi ló jókòó níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.” Ó ti padà sí ìpàdé, ṣùgbọ́n títí di òní, kò gbà kí a fi òun ṣe akọ̀wé mọ́. Nítorí àròpọ̀ tí a lè fi ìṣẹ́jú méjì tún ṣe ní kọ̀rọ̀, ẹgbẹ́ pàdánù òṣìṣẹ́ rere.

Ẹ wo Pírísílà àti Àkúílà ọkọ rẹ̀ nínú Ìṣe Àwọn Àpósítélì, orí 18. Àgọ́ ni wọ́n ń pa. Àpólò jẹ́ ọ̀mọ̀wé, ó mọ ọ̀rọ̀ sọ, ṣùgbọ́n ìrìbọmi Jòhánù nìkan ló mọ̀. Wọn kò dá a dúró láàrin sínágọ́gù. Wọ́n mú un sọ́dọ̀, wọ́n sì ṣàlàyé ọ̀nà Ọlọ́run fún un. Àpólò gbà, ó sì di ìrànlọ́wọ́ ńlá fún àwọn onígbàgbọ́ ní Ákáyà.

Ọ̀rọ̀ yìí kò yẹ kí ó ṣàjèjì sí àwa ọmọ Mẹ́tọ́díìsì. Ní ọjọ́ 25 oṣù December, ọdún 1738, John Wesley kọ òfin fún àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké tí ń pàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kí wọ́n tó gba ẹnikẹ́ni wọlé, wọ́n á kọ́kọ́ bi í bóyá ó fẹ́ kí a máa sọ àléébù rẹ̀ fún un láìfi bò. Ẹ kíyè sí i pé wọ́n máa ń bèèrè ná. Ẹni tí ó fi ẹnu ara rẹ̀ ní kí a kín òun lẹ́yìn kò ní pariwo bí kànrìnkàn bá kàn án.

N kò sọ pé gbogbo ẹni tí ó bá bínú ló gbéraga. Àwọn kan wà tí ń fi ìtọ́sọ́nà bo èébú mọ́lẹ̀. Èébú á sọ irú ènìyàn tí o jẹ́. Ìtọ́sọ́nà á sọ ohun tí o ṣe, á sì fi bí a ṣe ń tún un ṣe hàn ọ́. Síbẹ̀, bí ọ̀tá bá sọ fún wa pé aṣọ wa ya lẹ́yìn, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fọwọ́ kan ẹ̀yìn wò kí a tó bínú.

Mo ti bẹ ọ̀rẹ́ mi yẹn pé kí ó máa wá sọ ọ́ fún mi nílé nígbàkígbà tí mo bá ṣìnà. Mo rọ̀ yín, kí ẹ̀yin náà wá ẹnìkan, kí ẹ bẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ kí àṣìṣe tó dé. Bí ó bá sì di ọwọ́ yín láti tọ́ni sọ́nà, ẹ rántí pé bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, a ó fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Èmi fi ọwọ́ òsì na ọmọ ọlọ́mọ, ó sì pẹ́ kí n tó rántí tọ̀tún.

Kí Olúwa fún wa ní etí tí ń gbọ́ àti ahọ́n tí ń tuni lára. Àmín.