Ikú Mú Òbí, Ahọ́n Ń Dá Ọmọ Lóró

Ọpẹ́ ni fún Allah. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Annabi Muhammad (SAW), ẹni tí òun náà dàgbà ní ọmọ òrukàn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ní ọdún 2007, Lucie Cluver àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí àwọn ọmọ 1,025 ní Cape Town, ní Gúúsù Áfíríkà. Wọ́n rí i pé ìbànújẹ́ ọkàn àwọn ọmọ tí àrùn éèdì pa òbí wọn pọ̀ ju ti àwọn ọmọ òrukàn yòókù lọ. Kí ló fà á? Ìwádìí wọn ti ọdún 2008 fi hàn pé ẹ̀gàn àwọn ènìyàn wà lára ohun pàtàkì tó fà á.

Ẹ ò rí i pé ikú nìkan kọ́! Allah ka yẹ̀yẹ́, èrò burúkú sí ọmọnìkejì àti ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn léèwọ̀ nínú Suratul Hujurat. HIV kì í ranni nípa jíjẹun pọ̀, bíbọwọ́ tàbí fífi èjìká kan èjìká nídìí ìrun. Ẹni tó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé lè pẹ́ láyé, kí ó sì tọ́ ọmọ rẹ̀ dàgbà.

Nítorí náà, bí ẹnìkan bá ń bi yín pé irú àìsàn wo ló pa bàbá lágbájá, ẹ má dá a lóhùn. Ẹ fa ọmọ náà mọ́ra, kí ẹ jọ kírun, kí ẹ jọ kọ́ kéwú.

Kí Allah ṣọ́ ahọ́n wa. Aamin.